Bíréèkì Tí Shukor Fi Ta Màmá Lọ́rẹ

Nọ́ńbà 27, Lorong Kenanga,
Ipoh, Perak.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Tarmizi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àláékúmù. O kú ààwẹ̀ o, o kú iṣẹ́, o kú ìdúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá láràárọ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Suhaila ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun láti ìgbà tó ti bímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́? Mo gbọ́ pé igbe rẹ̀ ló ń jí yín sí sààrì báyìí, pé ẹ ò nílò aago mọ́. Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ṣé o ti fi han dókítà, àbí epo gbígbóná náà lo ṣì ń fi pa á? Rohaya ní kí n kí ọ, àwọn ọmọ náà ń kí ọ. Àbíkẹ́yìn wa ti ń gba ààwẹ̀ ìdajì ọjọ́, ó sì ń fi oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ dí ìdajì yẹn náà.

Mo rí ìwé tí o kọ sí mi lórí fóònù. O ní Shukor pè ọ́, ó ní mo ti sọ ara mi di ọ̀tá òun nítorí dísìkì bíréèkì lásán. O ní kí àwa méjèèjì wá sí ilé rẹ ní Johor lọ́jọ́ ọdún, kí o lè bá wa parí ẹ̀. O tún fi kún un pé Shukor ti ṣèlérí láti bá ọ fi bíréèkì ńlá láti Japan sí ọkọ̀ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀bùn ọmọ tuntun, kí ẹ lè gbé e lọ sílé láìséwu. Ìlà ìkẹyìn yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló jẹ́ kí n gbé bírò. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, èébú lásán lo máa gbọ́, ààwẹ̀ mi á sì bàjẹ́. Rohaya rí mi tí mo jókòó ti ìwé, ó bi mí bóyá ẹnì kan ló kú. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo lọ gbé Màmá mi ní Jeli wá sí Ipoh. A gun òkè ojú ọ̀nà náà tán, a ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Gerik, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò lórí bíréèkì. Òórùn nǹkan tó ń jó gba inú ọkọ̀ kan. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bíréèkì ti rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú sì wà níwájú wa. Ọlọ́run ló yọ wá. Bíréèkì ọwọ́ ni mo fà, mo sì yà wọ inú koríko. Màmá ò pariwo. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Wákàtí kan ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún, bọ́ọ̀sì ló wọ̀ padà sí Jeli. O mọ Màmá àti bọ́ọ̀sì: èébì ló ń bì lójú ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò sì lè dìde lórí ẹní.

O mọ̀ pé awọ funfun ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó ti burú débi pé ó ń fi iyọ̀ sí tíì, á sì mu ún tán torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ilé ìwòsàn níbí dá ọjọ́ fún un pé kí ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù yìí. Bí ó bá pàdánù ọjọ́ yẹn, ó di nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó tún lè gbà á. Màmá ní kò séwu, òun á wá, ṣùgbọ́n òun ò ní wọ bọ́ọ̀sì, òun ò sì ní wọ ọkọ̀ mi, àfi bí Shukor bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Shukor. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù.

“Màmá, ṣé ẹ tún ń bẹ̀ mí ni? Ọmọ yín kọ́ ni mí? Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún mi. Màá fi èyí tó tóbi bí àwo oúnjẹ sí i. Kódà bí ọkọ̀ yẹn bá ń já bọ̀ láti ojú ọ̀run, á dúró.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà tí ìyá Shukor ti kú, o mọ ilé tó ń ti jẹun. O mọ ẹní tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń sùn lé. Shukor máa ń gba àárín torí ó ní ẹ̀rù ń ba òun, àwa á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú Oṣù Kìíní ni mo gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Àwọn dísìkì náà wà lórí tábìlì, wọ́n fẹ̀ ní tòótọ́. Ó ní tòkúnbọ̀ ni, pé ara ọkọ̀ kan tó ju tèmi lọ ni wọ́n ti tú u ní Japan, pé ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lọ́sẹ̀ yẹn ni. Ihò márùn-ún ni ó ní tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni táyà tèmi ń lò, wọ́n sì ti lu ihò mẹ́rin mìíràn sí àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ihò ò ti pọ̀ jù. Ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé kí n lọ jókòó. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà yẹ́lò kọ nǹkan sí ẹ̀yìn dísìkì kan, irú ìkọ̀wé tó dà bí ilé kékeré tí wọ́n to igi sí nínú.

“Kí lèyí?”

“Japan ló kọ ọ́. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ṣé ọjà burúkú ni wọ́n máa ń kọ nǹkan sí lára?”

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. O rántí? “Japan paraku!” lo kọ padà sí mi, pẹ̀lú àtàǹpàkò mẹ́ta. Nígbà tí mo ní kí n sanwó, Shukor ti ọwọ́ mi dànù. Ó ní ìrẹsì tí òun jẹ nílé wa, ta ló bá wa kà á? Ó ní kí n kàn sọ fún Màmá pé òun fi ta á lọ́rẹ ni. Omi bọ́ lójú mi, mi ò parọ́ fún ọ. Mo sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́, mo sọ ọ́ fún àwọn àna mi. Kò sí ẹni tí mi ò sọ fún pé mo ní ọ̀rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni èmi àti Rohaya ń lọ sí Kuala Kangsar. Títí dé ọgọ́rin, ọkọ̀ ń lọ geerege. Nígbà tó di àádọ́rùn-ún, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bíréèkì, áà! Gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀ ń kọrin, àpamọ́wọ́ Rohaya já bọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n dúró, òun fẹ́ wọ táàsì.

Mo padà lọ bá Shukor. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bíréèkì tuntun ni, ó ní láti mọ́ ọkọ̀ lára, pé kí n lọ sójú títì kí n sáré kí n sì tẹ̀ ẹ́ lójijì nígbà mẹ́wàá. Mo ṣe é. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn mi bú mi dé orí ìran kẹta. Kò yí padà. Mo tún padà lọ, ó ní bálánsì táyà ni. Mo ṣe bálánsì lẹ́ẹ̀mejì. Kò yí padà. Ó ní táyà fúnra rẹ̀ ló ti wú, kí n ra tuntun. Mo rà á. Kò yí padà. Ó ní kí n lọ ṣe àláímẹ́ǹtì. Ọkọ̀ wá ń lọ tààrà báyìí, ó sì ń gbọ̀n tààrà. Ní ìgbà karùn-ún, àwọn oníbàárà pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró láàárín wọn, ó ní: “Ìwọ gan-an ni wàhálà ọkọ̀ yìí. Wo bí o ṣe ń di sítíárìn mú, bí ẹni mú adìẹ tó fẹ́ sá! Bí èmi náà bá jẹ́ sítíárìn, màá gbọ̀n.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Tarmizi, ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn ló ń dùn mí jù.

Mo wá ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan bí akẹ́kọ̀ọ́: iye tí mo ń sá, bóyá ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì àbí kò sí, ibi tó ti ń gbọ̀n. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ Màmá, Shukor ò gbé fóònù mi mọ́. Màmá ní tiẹ̀ ń pè lójoojúmọ́, ó ń béèrè bóyá bíréèkì àwo oúnjẹ ti ṣetán. Ara mi ń gbóná. Rohaya ló ní kí n lọ bá Bàbá Loke ní Menglembu, mẹkáníìkì àtijọ́ kan, ọmọ Ṣáínà, tó jẹ́ pé òun ni àwọn olùkọ́ ilé ìwé wọn ń gbé ọkọ̀ lọ bá.

Bàbá Loke ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò pénpé, fọ́tò bàbá rẹ̀ wà lára ògiri pẹ̀lú tùràrí níwájú rẹ̀. Kò kí mi dáadáa. Ó kàn ń wo táyà.

“Ìgbà tí o bá tẹ bíréèkì ló ń gbọ̀n, àbí ìgbà tí o ò tẹ̀ ẹ́?”

“Méjèèjì ni, Bàbá. Ó burú jù tí mo bá tẹ̀ ẹ́.”

“Sítíárìn ló ń gbọ̀n, àbí ìdí rẹ?”

“Sítíárìn ni.”

“Iwájú nìyẹn. Táyà tuntun yìí, ta ló ní kí o rà á?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Ọ̀rẹ́ rẹ ń ta táyà ni?”

Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó tú táyà, ó mú aago ìwọ̀n kékeré kan tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, ó fi ẹnu aago náà ti ojú dísìkì, ó wá ń yí dísìkì náà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ aago yẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní kò yẹ kó kúrò lójú kan. Ó fi hàn mí pé ihò àárín dísìkì náà fẹ̀ ju orí irin tó yẹ kó jókòó lé lọ, àwọn ihò tí wọ́n sì lù sí i ò dọ́gba, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ni dísìkì fì sí, táyà tí wọ́n dè mọ́ ọn sì fì tẹ̀lé e. Kò sí bálánsì tó lè wo ìyẹn sàn. Mo kàn ń fi orí dá a lóhùn. Oṣù méjì ni mo fi ń wá nǹkan yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi rí i.

Ó wá yọ dísìkì náà, ó yí i padà. Ó fi àtàǹpàkò nu ọ̀dà yẹ́lò yẹn.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Tòkúnbọ̀ ni, Bàbá. Japan ni. Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.”

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tí ìṣirò ò yé.

“Èmi ni mo kọ ọ́.”

Mo ní kí ni ó wí.

“Ọwọ́ mi nìyí. ‘Má lò ó’ ni mo kọ, lédè Ṣáínà. Oṣù Keje tó kọjá ni. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ funfun wá, ó ní ó ń gbọ̀n. Mo wò ó, mo ní kó lọ sọ ọ́ nù. Ó ní òun gbọ́.”

Mo bi í báwo ni ọkùnrin náà ṣe rí. Ó ní òun ò rántí ojú, pé ojú ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n àpá iná ńlá kan wà ní apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Tarmizi, èmi àti ìwọ la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ní àpá yẹn. Àgbá ọparun tí a ń yìn lọ́jọ́ ọdún ló bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́. Màmá ló fọ egbò yẹn fún oṣù kan gbáko, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó lè sùn.

Bàbá Loke ò tíì parí. Ó fi kẹrosínì pa àyíká àwọn ihò yẹn, ó nù ún gbẹ, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. A dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà dúdú kan tẹ́ẹ́rẹ́ jáde sójú ṣọ́ọ̀kì náà, láti ihò kan dé èkejì. Ó ní sísán ni irin ń sán níbẹ̀, pé kẹrosínì ti wọ inú rẹ̀ ó sì ń padà jáde.

“Ṣé ó lè já, Bàbá?”

“Ní ojú ọ̀nà títẹ́jú, ó lè pẹ́. Ta lo fẹ́ gbé?”

“Ìyá mi. Láti Jeli.”

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Lórí òkè yẹn?” Ó lọ bu omi mu.

Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó wá dísìkì kékeré tuntun, irú èyí tí ọkọ̀ náà bá dé láti ilé iṣẹ́, ó sì fi wọ́n sí i. Nígbà tí ó ń tú òróró bíréèkì dànù, ó dúdú bí kọfí. Ó ní bíréèkì mi ò ṣàìsàn rí: òróró ló gbó, ẹsẹ̀ mi ló sì wúwo. Ó ní bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí n fi ọkọ̀ sí jíà kékeré, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dì í mú, kí n yé fi bíréèkì ṣe ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì mọ̀ ọ́n: kò sígbà kan tí mo nílò bíréèkì Shukor.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbé àwọn dísìkì méjèèjì lọ bá a, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lára wọn. Ó ń mu tíì oníyìnyín. Mo gbé wọn sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo yí èyí tó ní ọ̀dà yẹ́lò sókè. Kò béèrè kí ni.

“O ti lọ bá bàbá Menglembu yẹn.”

“Ọkọ̀ ẹ ni wọ́n ti tú u. Ọkọ̀ ẹ, Shukor!”

“Izwan, fara balẹ̀. Ìwọ kì í sáré. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò kọjá ọgọ́rin rí. Mo rò pé o ò ní mọ̀.”

“Màmá ńkọ́?”

“Kí ló ṣe Màmá? Ṣé nǹkan ṣe é ni? Ó ti wọ ọkọ̀ náà ni?”

Mo fi ibi tó ti sán hàn án. Ó ní òun ò rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó kọ̀wé yẹn. Ó dúró tì mí, ó wo ojú mi, ó ní Japan ló kọ ọ́. Ó jẹ́ kí n ra táyà. Ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo yí padà láti máa lọ, o mọ ohun tó sọ? Ó ní: “Ọ̀fẹ́ ni mo fún ẹ o. O ò tiẹ̀ dúpẹ́.” Inú bí mi gidi. Mo kàn jáde. Àwọn dísìkì yẹn ni mo gbàgbé sórí tábìlì rẹ̀, àṣìṣe mi nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo lọ gbé Màmá. Mi ò lè sọ fún un. Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ Shukor kọ́ ló wà lára ọkọ̀ náà, kò ní wọ̀ ọ́, ọjọ́ dókítà á sì kọjá. Mo fi ẹnu ààwẹ̀ parọ́ fún ìyá mi. Mo ní bíréèkì ti ṣetán. Ó gbé ìgò ńlá kan wá, ẹran tí wọ́n fà bí òwú, tí wọ́n yan pẹ̀lú àgbọn, èyí tí Shukor máa ń jí jẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ó fi ojú tí kò ríran sè é, gbogbo ìka rẹ̀ ló jóná. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ti ní kí ọmọ aládùúgbò kọ orúkọ Shukor sí bébà kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára.

Nígbà tí a dé orí òkè, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná, kò sì gbé e kúrò. Mo fi ọkọ̀ sí jíà kejì. A sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí òórùn, kò sí gbígbọ̀n. Ọkọ̀ agbégẹdú méjì wà níwájú wa, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí a dé Gerik, Màmá mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní: “Ọmọ yẹn ti ṣe é. Pè é fún mi.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo pè é, mo fi sí orí ohùn gbangba. Mo rò pé kò ní gbé e. Ó gbé e.

“Shukor, ọmọ mi, ọkọ̀ ò gbọ̀n o! Ọlọ́run á dá ọ lọ́lá. Ìwọ náà ò ní rí ohun tó máa bà ọ́ lẹ́rù lójú ọ̀nà. Ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe tọ́jú mi.”

Ó mọ̀ pé àwọn dísìkì yẹn wà nílé òun. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tí òun ṣe lára ọkọ̀ tó gbé Màmá wá. Ó mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ó sì ń ṣe àmín. Mo ka àmín rẹ̀, mọ́kànlá ni. Nígbà tí Màmá dúpẹ́ tán, ó ní: “Ẹ má dúpẹ́ mọ́, Màmá. Iṣẹ́ ọmọ ni mo ṣe.” Mo di sítíárìn mú. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni, mo dì í mú bí ẹni mú adìẹ.

Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún yọrí sí rere, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, kò sí ẹni tó sinmi nínú ilé yìí. Ó rí ìpẹtà ara géètì mi. Ó rí ewú lórí Rohaya, ó sì kà á sókè. Ó ní ológbò wa burẹ́wà, pé kí ló dé tí a ò sọ fún òun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ń fọ ọkọ̀, ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi táyà iwájú, ó ń yọjú wo inú rẹ̀ láàárín àwọn irin rímù.

“Èyí tó tóbi bí àwo oúnjẹ náà dà?”

Mo ń fọ ọkọ̀ mi lọ. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà, ó tún wò.

“Izwan. Shukor ló ṣe èyí?”

“Rárá, Màmá.”

“Èyí tó ṣe ńkọ́?”

“Mo yọ ọ́, Màmá.”

Ó wo ojú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti rí ojú mi dáadáa. Mo gbìyànjú láti ṣe ojú ẹni tí nǹkan ò ṣe, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gba ọwọ́ mi láti fi dìde, ó wọlé.

Ìgò Shukor ti wà lórí fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá gbé e lọ fún un lọ́la. Nígbà tí a ṣínu lọ́jọ́ yẹn, tí a ti jẹ dàbínù tán, tí Rohaya sì ń bu ìrẹsì, Màmá dìde, ó gbé ìgò náà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi èékánná ṣí bébà orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà ya. Ó ká a, ó fi sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó wá ṣí ìgò náà, ó bu ẹran yẹn sórí ìrẹsì gbogbo wa, tèmi ló kọ́kọ́ bù. Ó ní kí a jẹ ẹ́, pé ó ti pẹ́ jù lórí ibẹ̀. A jẹ ẹ́, ó dùn. Òun nìkan ni kò fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, má bínú pé mi ò ní lè wá sí Johor lọ́jọ́ ọdún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o yan ẹnì kan nínú wa. Bí Shukor bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí, ilé wa níbí ni kó kọ́kọ́ wá, kó jókòó níwájú Màmá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Màmá ń dúró, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí bébà orúkọ yẹn ṣì wà nínú àpò rẹ̀.

Bá mi kí Suhaila, kí ó má ṣe gba ààwẹ̀ kankan bí wàrà ọmú bá ṣì wọ́n. Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé òun ti ń ríran báyìí, pé kí o fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tó dúdú bí ti ọjọ́sí.

Ohun kan ló kù. Bí Shukor bá gbé bíréèkì ẹ̀bùn yẹn dé, kí o tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bá mi yí i padà wò.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ sùn lórí ẹní kan,

Izwan.